Kérésì ní Èkìtì: Ìtọ́sọ́nà fún Àlejò àti Akẹ́kọ̀ọ́ tí Ó Wá láti Ilẹ̀ Òkèèrè

Ní ọ̀sán ọjọ́ 27, oṣù Disẹ́ńbà, ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ti Gánà wá kàwé ní Adó-Èkìtì jókòó sí pálọ̀ mi, ó sì sọ fún mi pé bisikíìtì àti omi inú ọ̀rá ni òun fi ṣe ọdún. Ilé tí ó ń gbé kò ju ojúlé mẹ́rin sí tèmi lọ. Lọ́jọ́ tí ebi ń pa á yẹn, ìrẹsì wà nínú ìkòkò wa títí di alẹ́, adìyẹ sì wà nínú ọbẹ̀ tí kò rí ẹni jẹ ẹ́. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé tí kò yà sọ́dọ̀ wa, ó fèsì pé kò sí ẹni tí ó pe òun. Èmi náà, ní tèmi, ti rò pé ó ti bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Èkó. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ó sì ń dùn mí di òní, nítorí pé òun ń retí ìpè, èmi ń retí ìkíni, a sì pàdánù ara wa láàárín ojúlé mẹ́rin.

Ohun tí mo fẹ́ kí àlejò kọ́kọ́ mọ̀ nìyí: ní Èkìtì, a kì í pe ènìyàn síbi oúnjẹ Kérésì. Ẹni tí ó bá wá kí wa kú ọdún ni a ń gbé oúnjẹ fún, ìkíni rẹ̀ sì ni ìwé ìpè rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ọmọ Yorùbá tí ó ti Kétu, Sábẹ̀ẹ́ tàbí Pọ̀tọ̀nóvò ní orílẹ̀-èdè Benin wá kàwé lọ́dọ̀ wa, fún ọmọ wa tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù tí àwọn òbí rẹ̀ dá padà sílé, àti fún ẹ̀yin ará ilé tí ẹ ní akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì ládùúgbò, tí ẹ kò mọ ibi tí ẹ ó ti mú àlàyé fún un.

Ìpalẹ̀mọ́: kí ọjọ́ 20 oṣù Disẹ́ńbà tó pé

Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn alábòójútó ilé ẹ̀kọ́ yín bóyá ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò wà ní ṣíṣí lásìkò ọdún, nítorí pé àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan máa ń ti ilẹ̀kùn wọn pa, ẹni tí kò bá sì béèrè ní kùtùkùtù lè máa wá ibi tí yóò sùn nígbà tí gbogbo ènìyàn ń wá ọkọ̀ lọ sílé. Ọjọ́ 25 àti 26 oṣù Disẹ́ńbà ni ìsinmi ìjọba, bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ kìíní oṣù Jánúárì. Bí ọ̀kan nínú wọn bá bọ́ sí Sátidé tàbí Sọ́ńdè, ìjọba sábà máa ń kéde ọjọ́ mìíràn dípò rẹ̀.

Ẹ tọ́jú owó sọ́wọ́. Bí ọdún bá ti ku bí ọjọ́ mẹ́rin, ìlà tí ó wà níwájú ẹ̀rọ ATM á gùn, àwọn tí ń ṣe POS á fi kún owó iṣẹ́ wọn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà á sì máa lọ tí á máa bọ̀. Ẹ rí i pé owó kéékèèké wà nínú rẹ̀, nítorí àwọn ọmọdé tí mo máa tó sọ̀rọ̀ wọn. Ẹ ra oúnjẹ tí ó lè tó yín jẹ fún ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán, kí ẹ sì rà á ní Ọjà Ọba kí iye rẹ̀ tó gbéra, nítorí pé owó adìyẹ àti tòmátò kì í dúró sójú kan ní ọ̀sẹ̀ ọdún, ọ̀pọ̀ búkà tí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ gbára lé ni kì í sì í tà ní ọjọ́ Kérésì àti ọjọ́ kejì rẹ̀.

Ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá fẹ́ mú lọ sí ìlú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró di ọjọ́ 24. Àwọn ọmọ Èkìtì tí ń bẹ ní Èkó, Ìbàdàn, Àbújá àti òkè òkun ń padà bọ̀ wálé lásìkò yìí, nítorí pé àsìkò náà ni ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ìgbéyàwó, ìṣílé àti ìrántí àwọn òbí tó ti lọ máa ń bọ́ sí. Gáréèjì á kún, owó ọkọ̀ á lé. Àárọ̀ ni kí ẹ wọkọ̀, kí ilẹ̀ má ṣe ṣú bá yín lójú ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ ọyẹ́ náà kò ṣeé fojú fò. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ tí ó ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni, ó sì máa ń mú kí òwúrọ̀ àárín òkè wa tutù ju bí àlejò tí ó ń retí oòrùn Áfíríkà ṣe lérò lọ, kí ọ̀sán sì tún gbóná. Ètè á là, ẹsẹ̀ á funfun, ojú á máa yún. Ẹ ra òrí lọ́wọ́ àwọn ìyá ọjà, kí ẹ fi pa ara lẹ́yìn ìwẹ̀, kí ẹ sì ní aṣọ tí ó nípọn fún ìsìn òru. Ẹni tí ó bá ní ikọ́ fée (asthma) kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí oògùn rẹ̀ tán, nítorí eruku. Gbogbo koríko ló ti gbẹ nígbà náà, nítorí náà ẹ má ṣe bá àwọn ọmọdé ju báńgà sẹ́bàá igbó, kí ẹ má sì ṣe tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé tàbí sábẹ́ fèrèsé, nítorí pé èéfín rẹ̀ a máa pa ènìyàn lójú oorun.

Ìkíni ni ilẹ̀kùn

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà, nítorí pé ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kò ní jẹ bisikíìtì lọ́jọ́ ọdún.

Láti nǹkan bí ọjọ́ 22 ni kí ẹ ti lọ kí bàbá onílé yín, ìyá tí ń ta oúnjẹ fún yín, olùkọ́ tí ó mọ̀ yín dáadáa, àti ìdílé tí ó wà ní ojúlé kejì. Kí ẹ wí pé, "Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún o." Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọn yóò bi yín ni pé, "Ṣé ò ń lọ sílé ni?" Ẹ dáhùn ní òtítọ́ pé ẹ ò lọ, pé Adó ni ẹ ó ti ṣọdún. Ẹ kò ní láti tọrọ ohunkóhun. Ìdáhùn yẹn ti tó, nítorí pé ó ṣòro fún ìyá Èkìtì láti gbọ́ pé ọmọ ọlọ́mọ yóò dá nìkan wà lọ́jọ́ Kérésì kí ó sì dákẹ́. Ó máa sọ pé, "Ṣáà máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa." Gbólóhùn kúkúrú yìí ni ìpè tí ẹ ń retí, kò sì sí èyí tí ó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gbà á gbọ́, kí ẹ sì lọ.

Lọ́jọ́ ọdún gan-an, "Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún" ni ìkíni. Bí ẹlòmíràn bá kọ́kọ́ kí yín, ẹ fèsì pé, "Ọdún á yabo" tàbí "Àṣèyí ṣàmọ́dún." Ọkùnrin a máa dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, obìnrin a sì kúnlẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò bínú sí àjèjì tí kò lè dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ṣùgbọ́n kí ó tẹ̀ ba dáadáa, kí ó má sì ṣe na ọwọ́ sí àgbàlagbà láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, àfi bí àgbà náà bá kọ́kọ́ na tirẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún tàbí ọwọ́ méjèèjì ni a fi ń gba nǹkan, òun náà ni a fi ń fúnni. Ẹ má ṣe pe àgbà ní orúkọ rẹ̀ gan-an: Bàbá Ayọ̀, Màmá Ayọ̀, Bọ̀dá, Àǹtí, tàbí Ẹ̀gbọ́n ni ẹ ó máa wí, kí ẹ sì máa lo "ẹ" dípò "o". Mo rí i pé ibi "ẹ" yìí ni àwọn ọmọ wa tí a bí sí òkè òkun ti ń kọsẹ̀ jù, tí àwọn òbí wọn àgbà á sì dákẹ́, tí inú wọn kò ní dùn, tí ọmọ kò ní mọ ohun tí òun ṣe.

Ẹ̀ka èdè wa náà lè kọ́kọ́ rú yín lójú, bí Yorùbá yín tilẹ̀ dá ṣáká. Ẹ ó gbọ́ "ulé" níbi tí ẹ ti ń retí "ilé", àti "uyán" níbi tí ẹ ti ń retí "iyán". Ìdí nìyẹn tí a fi ń pe ìpínlẹ̀ yìí ní Ilé Uyì, Ilé Ẹ̀yẹ, tí a kò sọ pé "iyì". Bí ẹ bá sọ ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ní ẹnu ọ̀nà, ẹ ó rí i bí ojú àwọn àgbà yóò ṣe tàn.

Kò pọn dandan pé kí ẹ mú ẹ̀bùn lọ, ṣùgbọ́n búrẹ́dì kan, ọsàn mélòó kan tàbí páálí bisikíìtì fún àwọn ọmọ ilé á fi yín hàn bí ẹni tí a kọ́ nílé. Ẹ gbé e fún ìyá ilé, kí ẹ sì sọ pé kò tó nǹkan.

Ilé Ọlọ́run

Ìwé Mímọ́ kò sọ ọjọ́ tí a bí Jésù. Ìlú Róòmù ni a ti kọ́kọ́ rí àkọsílẹ̀ pé wọ́n fi ọjọ́ 25 oṣù Disẹ́ńbà ṣe àjọ̀dún náà, ní ọdún 336, ọjọ́ yẹn sì ni àwọn míṣọ́nnárì gbé wá bá wa. Ọmọ Ethiopia tí ó wà láàárín yín lè sọ pé ọjọ́ 7 oṣù Jánúárì ni Kérésì tiwọn. Òótọ́ ni, kàlẹ́ńdà àtijọ́ ni ìjọ wọn ń tẹ̀ lé.

Nínú àwọn ìjọ Áńgílíkà, títí kan Kàtídírà Emmanuel ní Adó, ìsìn orin Kérésì máa ń wáyé kí ọdún tó pé, nínú èyí tí a ó ti ka ẹ̀kọ́ mẹ́sàn-án, tí a ó sì máa kọrin láàárín wọn. Ìlú Truro ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni irú ìsìn yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní 1880, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe retí pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún ni ẹ ó bá a níbí, nítorí pé gángan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á dàpọ̀ mọ́ dùùrù, ijó á sì wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá ń gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀, ẹ tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ méjì nígbà tí a bá ń ka Lúùkù orí kejì: "ibùjẹ ẹran", níbi tí a tẹ́ ọmọ náà sí, àti "ilé èrò", níbi tí àyè kò ti sí fún àwọn òbí rẹ̀ tí wọ́n jẹ́ àlejò nínú ìlú. Mi ò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ kejì yẹn mọ́ kí n má rántí ọmọ Gánà náà.

Ìjọ Àgùdà máa ń ṣe Máàsì lóru ọjọ́ 24. Ìjọ Àpọ́sítélì Kristi ní ọmọ ìjọ púpọ̀ ní Èkìtì, nítorí iṣẹ́ ìwàásù tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ṣe ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè láti ọdún 1930, níbi tí a sì sin ín sí ní 1959. Àdúrà wọn a máa le, gbogbo ìjọ a sì gbà á pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní ohùn òkè. Kí ẹ̀rù má ṣe bà yín. Àwọn obìnrin máa ń bo orí níbẹ̀. Bí ọ̀rẹ́ yín bá jẹ́ ọmọ ìjọ Sẹ̀lẹ́ (Celestial Church of Christ), aṣọ funfun ni wọ́n ń wọ̀, wọn kì í sì í wọ bàtà wọ ilé ìsìn. Ó tilẹ̀ ṣeé ṣe kí ẹ má bá a nílé rárá, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa lọ ṣe Kérésì ní Ìmẹ̀kọ, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Àwọn ọmọ ìjọ Deeper Life a máa lọ sí ìpàgọ́ wọn nínú oṣù Disẹ́ńbà, Ẹlẹ́rìí Jèhófà kì í sì í ṣe Kérésì. Nítorí náà, ẹ má ṣe rò pé gbogbo ẹni tó ń gbé Bíbélì lọ́wọ́ ni ẹ lè bi pé kí ni yóò sè.

Ọjọ́ Kérésì àti iyán

Lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀, àwọn ọmọdé ni ẹ ó kọ́kọ́ rí ní títì, tí wọ́n wọ aṣọ ọdún, bàtà tuntun àti awò ojú dúdú, tí wọ́n ń ti ilé kan bọ́ sí ilé kejì. Bí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà yín, wọn á kúnlẹ̀, wọn á kí yín. Oúnjẹ díẹ̀, bisikíìtì tàbí owó ọdún ni wọ́n ń retí. Ẹ fún wọn ní ohun tí agbára yín bá ká, nítorí pé iye rẹ̀ kọ́ ni wọn yóò fi rántí yín, bí kò ṣe pé ẹ ṣílẹ̀kùn.

Oúnjẹ tí ẹ ó bá pàdé jù ni ìrẹsì àti ọbẹ̀ adìyẹ tàbí tòlótòló. Nígbà èwe àwọn òbí wa, ìrẹsì kì í ṣe oúnjẹ ojoojúmọ́, ọdún ni a ń fi í ṣe, iyì yẹn sì wà lára rẹ̀ di òní. Bí ẹ bá rí ilé tí wọ́n ti se ìrẹsì Ìgbẹmọ, èyí tí a ń gbìn níhìn-ín ní Èkìtì, ẹ tọ́ ọ wò dáadáa, nítorí pé òórùn rẹ̀ yàtọ̀ sí ti inú àpò tó ti ilẹ̀ òkèèrè wá.

Ṣùgbọ́n iyán ni Èkìtì. Ní ilé wa, nǹkan bí aago mọ́kànlá ni odó máa ń dún. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé èyí tí mo kọ́kọ́ sọ, ọmọ Gánà náà ti dé láti àárọ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́, ó sì ní òun fẹ́ gbìyànjú. Ó mọ fùfú gún nílé rẹ̀, nítorí náà ó gbé ọmọ odó sókè tagbáratagbára, ó sì jan iṣu gbígbóná náà mọ́lẹ̀, ègé rẹ̀ sì ta sí ìyàwó mi láṣọ. Ìyàwó mi rọra gba ọmọ odó lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi hàn án pé a kọ́kọ́ máa ń rún iṣu náà ni, jẹ́jẹ́, díẹ̀díẹ̀, títí ègé kan kò fi ní dá wà mọ́, lẹ́yìn náà ni a óò wá máa gún un kíkankíkan títí yóò fi máa fà. Bí ó bá le jù, a ó wọ́n omi gbígbóná sí i díẹ̀. Bí ó bá ti dán, tí kò ní kókó, a ó fi ọwọ́ tútù kó o jọ, a ó sì dì í. Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ yára, nítorí pé iṣu tó bá ti tutù kì í gún mọ́.

Ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń jẹ ẹ́. Wọn yóò gbé omi wá fún yín láti fọ ọwọ́. Ẹ bu òkèlè kékeré, ẹ fi ìka ṣù ú, ẹ tẹ̀ ẹ́ níhò díẹ̀ kí ó lè gbé ẹ̀fọ́ rírò tàbí ẹ̀gúsí, ẹ fi sí ẹnu, kí ẹ sì gbé e mì. A kì í fi eyín rún iyán bí ẹni ń jẹ búrẹ́dì. Níbi tí ẹ bá ti ń bá àgbà jẹun pọ̀ nínú àwo kan, ẹ má ṣe mú ẹran kí àgbà náà tó mú tirẹ̀ tàbí kí ó tó ní kí ẹ mú un.

Ẹ ó dé ilé púpọ̀ lọ́jọ́ kan, wọn yóò sì gbé oúnjẹ fún yín ní gbogbo wọn, nítorí náà ẹ jẹ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá bá àwọn ènìyàn nídìí oúnjẹ, wọn yóò ní, "Ẹ bá wa ire, ẹ wá jẹun." Bí ẹ kò bá fẹ́ jẹ, èsì rẹ̀ ni, "Á gba ibi ire." Bí oúnjẹ kan bá wà tí ara yín kò gbà, tàbí tí ẹ̀sìn yín kò fàyè gbà, ẹ wí i fún ìyá ilé kí ó tó bù ú. Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń pa gbogbo ìrọni kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: "Èèwọ̀ mi ni." Kò sí Yorùbá tí yóò fi èèwọ̀ ẹlòmíràn ṣeré.

Ẹ ó tún rí àwọn ọmọ tí ń gbé abọ́ tí a dé lọ sí ilé àwọn Mùsùlùmí ládùúgbò. Bí Iléyá bá dé, ẹran àgbò yóò gba ọ̀nà kan náà padà wá. Akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí náà lè lọ kí àwọn ènìyàn kú ọdún láìṣe pé ó wọ ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì sí ẹni tí yóò bi í ní ìbéèrè.

Ọjọ́ kejì àti àwọn òde ìnáwó

Ọjọ́ 26 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń jáde ṣeré. Ìkógósì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn pàdé ara wọn, ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ fún àlejò, kí ẹ sì mú aṣọ tí ẹ ó pààrọ̀ lọ́wọ́. Ìṣàn omi Àrìntá ní Ìpólé-Ilórò kò jìnnà sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn ni Disẹ́ńbà, omi rẹ̀ kì í pọ̀ tó ti ìgbà òjò.

Bí wọ́n bá mú yín lọ síbi ìgbéyàwó, wọ́n lè fi aṣọ ẹbí lọ̀ yín. Kì í ṣe túláàsì. Bí owó rẹ̀ bá wọ́n jù, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì wọ aṣọ yín tí ó mọ́. Ẹ ó rí àwọn tí ń lẹ owó mọ́ onínàáwó lórí nígbà tí ijó bá dùn. Ẹ má ṣe bá wọn ṣe é, nítorí pé abala 21 nínú òfin Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007 ka fífọ́n náírà ká lójú agbo àti títẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, ìjìyà rẹ̀ kò sì dín ní ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn ₦50,000, tàbí méjèèjì. Ẹ fi ohun tí ẹ bá ní sínú àpò ìwé, kí ẹ fi lé ìyá ìyàwó lọ́wọ́, kí ẹ sì wí pé, "Ẹ kú ìnáwó."

Àìsùn ọdún tuntun

Ní alẹ́ ọjọ́ 31, ṣọ́ọ̀ṣì yóò kún ju ti ọjọ́ Kérésì lọ, àní àwọn tí kì í dé ibẹ̀ látọdún dọ́dún yóò wá, nítorí pé a kì í fẹ́ kí ọdún tuntun bá ènìyàn lórí ibùsùn. Ẹ tètè lọ bí ẹ bá fẹ́ rí ibi jókòó, ẹ mú aṣọ òtútù, kí ẹ sì ti bá ẹni tí ẹ ó jọ padà sílé sọ̀rọ̀ ṣáájú.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti jẹun tán

Ohun kan ṣẹ́kù tí àlejò máa ń gbàgbé. Ní ọjọ́ kejì tí ẹ jẹun nílé ènìyàn, ẹ gbọ́dọ̀ padà lọ, tàbí kí ẹ pè wọ́n lórí fóònù, láti wí pé, "Ẹ ṣeun àná o." Ọpẹ́ tí ẹ dá nídìí àwo kò tíì tó. Bí wọ́n bá di oúnjẹ fún yín lọ sílé, ẹ fọ abọ́ wọn kí ó mọ́ tónítóní, kí ẹ sì gbé e padà fúnra yín kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ẹ má ṣe rán ọmọdé sí wọn. Ìyá ilé á gba abọ́ náà, á bi yín bí ẹ ṣe sùn nínú ọyẹ́ yìí, á sì fẹ́ mọ ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ yóò wọlé.